Ẹ̀yin olóòtú orin, fíìmù àti tẹlifíṣọ̀n, ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Alákásẹ́ẹ̀tì Mọ́kọ́lá kọ pé:

Ẹ kú ilé o, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ àbúrò mi kan ló rí orúkọ mi gẹ́gẹ́ bí olóòtú (producer) lẹ́yìn páálí kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan, ó tún rí i nínú fíìmù, ó tún rí i ní ìparí ètò tẹlifíṣọ̀n kan. Ó wá bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n Dádì, ṣé ẹ̀yin náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Kí wá ni iṣẹ́ yín gan-an?" Èsì tí mo fún un kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn, kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí lè bá mi dá sí i.

Sítúdíò kékeré kan ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn, ni mo ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1997. Ọ̀gá mi ń gba orin sílẹ̀ fáwọn onífújì àtàwọn akọrin ìjọ. Iṣẹ́ mi ni kí n ká wáyà, kí n da epo sí jẹnẹrétọ̀, kí n sì fi òwú àti sípírítì nu ojú ẹ̀rọ tó ń ka téèpù. Tójú ẹ̀rọ yẹn bá dọ̀tí, ohùn ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń kú. Ìlù ńlá á ṣì máa dún, ohùn akọrin á ṣì máa yọ, àmọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ aṣọ. Ìdí ẹ̀rọ yẹn ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ orin.

Ọdún méjì gbáko ni mo fi nu ẹ̀rọ kí ọ̀gá mi tó jẹ́ kí n jókòó sídìí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ jókòó, àgbà onífújì kan ló wá, òun àtàwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ mẹ́rìnlá. Wákàtí mẹ́fà ni wọ́n sanwó fún. Nígbà tó fi máa di wákàtí kẹrin, ohùn bàbá ti há, àmọ́ bàbá ò gbà. Gbogbo ọmọ ẹ̀yìn ń wolẹ̀. Èmi ni mo tẹ bọ́tìnnì tó ń gbé ọ̀rọ̀ wọnú yàrá tí wọ́n wà, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ ńlá, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká mu omi díẹ̀, ká tún ìparí yẹn mú lẹ́ẹ̀kan sí i, torí gángan ò tíì bá yín débẹ̀." Gángan ò ṣe nǹkan kan. Onígángan fúnra rẹ̀ mọ̀, síbẹ̀ ó dorí kodò, ó gba ẹ̀bi náà. Bàbá mu omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ó tún un kọ, èyí tó kọ lẹ́ẹ̀kejì yẹn ló wà nínú àwo títí dòní. Tẹ́nì kan bá bi mí pé kí ni olóòtú ń ṣe, ojú onígángan yẹn ni mo máa ń rí. Àwọn tó mọ ẹ̀rọ pọ̀ nígboro. Ẹni tó lè sọ fún àgbà pé iṣẹ́ ò tíì dáa, tí àgbà ò sì ní bínú kó ìlù rẹ̀ lọ, ẹ bá mi wá irú wọn.

Mo bọ́ sídìí fíìmù lọ́dún 2004. Orin abẹ́ fíìmù ni wọ́n kọ́kọ́ gbé fún mi. Nígbà tó di 2006, mo kó owó àjọ àti ẹ̀yáwó kọ́póréétìfù jọ, mo ṣe tèmi. Ọjọ́ mọ́kànlá la fi yà á, mo sì gbé másítà rẹ̀, ìyẹn ojúlówó fíìmù tí wọ́n máa ń ṣe ẹ̀dà lára rẹ̀, lọ sí Ìdúmọ̀tà, ọjà àwọn oníṣòwò fíìmù l'Ékòó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ìdúmọ̀tà ìgbà yẹn mọ bó ṣe ń rí. Máàkẹ́tà ló ń tẹ páálí, òun ló ń tẹ síídì, òun ló mọ àwọn oníbàárà tó ń kó o lọ sí ìlú kọ̀ọ̀kan. Ìwọ tó o ṣe fíìmù, fíìmù nìkan lo ní. Ó kawó fún mi nínú ṣọ́ọ̀bù, ó na ìwé kan sí mi, mo fọwọ́ sí i lórí ìdúró. Mi ò kà á. Àwọn kọ́póréétìfù ti ń pè mí látàárọ̀. Ìwé náà sọ pé gbogbo ẹ̀tọ́ orí fíìmù náà, nílé lóko, títí láé, ti di ti máàkẹ́tà. Lọ́dún 2017, mo rí fíìmù mi lórí YouTube, lójú òpó ẹnì kan tí mi ò mọ̀ rí. Àwọn tó wò ó ń kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ó pa àwọn lẹ́kún. Mo jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ tán. Mi ò rí ohun tí mo lè ṣe sí i, torí ọwọ́ mi ló wà nínú ìwé.

Lọ́jọ́ yẹn, Bàbá Sàlá ló wá sí mi lọ́kàn. Kí Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ tó di aláwàdà, olórin ni. Ẹgbẹ́ olórin rẹ̀, Federal Rhythm Dandies, ni Sunny Adé ti bá a ta gìtá kó tó dá tiẹ̀ sílẹ̀. Látibẹ̀ ló ti kó ẹgbẹ́ Aláwàdà lọ sórí WNTV n'Íbàdàn, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ṣí lóṣù Ọ̀wàrà ọdún 1959. Nígbà tó di 1982, ó ṣe Ọ̀run Móoru. Orin, tẹlifíṣọ̀n, sinimá, ẹnì kan ṣoṣo ló la mẹ́tẹ̀ẹ̀ta já, kó tó di pé àwọn ọmọ ayé òde òní ń pe ìyẹn ní ọgbọ́n tuntun. Àwọn olè ẹ̀dà wá da fíìmù náà sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, ó kún ìgboro nígbà tó yẹ káwọn èèyàn ṣì máa sanwó wọlé wò ó. Gbèsè ńlá ni wọ́n fi dá bàbá lára. Ó kú lọ́dún 2018, tí a bá sì ń rántí ẹ̀rín tó pa wá, ó yẹ ká rántí ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Ó máa ń dùn mí gan-an ni.

Tẹlifíṣọ̀n ló kàn. Àwọn tó wà níta rò pé iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ló ń sanwó fún ẹni tó gbé ètò wá. Lọ́pọ̀ ìgbà nílẹ̀ wa, àwa la máa ń sanwó fún wọn. Wàá ra àsìkò, wàá fẹsẹ̀ ara rẹ wá onípolówó kiri, èyí tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn owó àsìkò àti owó ìyàwòrán, ìyẹn lèrè. Ní 2013, mo ra àsìkò kọ́tà kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá nìyẹn. Oníbúrẹ́dì kan ló ṣèlérí pé òun á gbé gbogbo rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni mo gbúròó rẹ̀ mọ. Mo ta mọ́tò mi kí n tó lè parí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tó kù, torí àwọn arúgbó kan ládùúgbò wa ti ń gbé àga síwájú tẹlifíṣọ̀n ní aago méje alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Mi ò lè fi wọ́n sílẹ̀ láàárín ìtàn.

Nínú ètò yẹn kan náà, mo lo orin jùjú àtijọ́ kan fún ìbẹ̀rẹ̀. Mo ti gba àṣẹ lọ́wọ́ mọ̀lẹ́bí olórin, mo sì rò pé ó parí. Àfi bí àwọn tó ni àwo ṣe kọ̀wé sí mi. Orin kan, onílé méjì: ẹni tó kọ orin, àti ẹni tó ni téèpù tí wọ́n gbà á sí. Ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì lèèyàn ti ń gbàṣẹ. Ẹ̀yin ọmọdé tẹ́ ẹ ń ṣe bíìtì, tí wọ́n bá fẹ́ lo bíìtì yín nínú fíìmù, ẹ bèèrè èwo nínú méjèèjì lẹ ni, kẹ́ ẹ tó sọ iye.

Ó yá, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ó kù sọ́wọ́ yín.

Ìyá Lòkéṣọ̀n kọ pé:

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Èmi ò tidìí orin wá ní tèmi. Ìdí àdògán ni mo ti wá.

Ọdún 2009 ni wọ́n ní kí n wá máa dáná fún wọn ní lòkéṣọ̀n kan, ibi tí wọ́n ti ń ya fíìmù, lẹ́bàá Ìgbóọrà, ọjọ́ méjìlá. Olóòtú ní èèyàn mẹ́tàlélógójì ni. Aago mẹ́rin ìdájí ni mo ti ń po ẹ̀wà àkàrà. Ní ọjọ́ kẹta, mo ka àwo, mo rí i pé méjìlélọ́gbọ̀n ló ń jáde. Mo tún un kà lọ́sàn-án, iye yẹn náà ni. Mo lọ bá olóòtú, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, èèyàn mọ́kànlá tẹ́ ẹ ń sanwó fún ò jẹun láti ọjọ́ tá a ti dé." Ó wò mí títí. Ẹni tó ń kọ orúkọ sílẹ̀ fún un ti ń kọ orúkọ àwọn tó wà nílé wọn ní Abẹ́òkúta. Láti ọjọ́ yẹn ló ti gba ìwé lọ́wọ́ onítọ̀hún, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Bí mo ṣe di alámòójútó nìyẹn, mo ṣe é títí mo fi ṣe fíìmù tèmi ní 2015.

Ìwé àádọ́ta ewé ni mo ń lò di báyìí. Ẹni tó bá gbowó á kọ orúkọ, iye, ọjọ́, pé òun gbà kí a lo ojú àti ohùn òun nínú fíìmù, á sì fọwọ́ sí i. Òṣèré kan tó gbajúmọ̀ sọ nígbà kan pé n kò san owó òun pé. Wọ́n pè mí síwájú àwọn àgbà ẹgbẹ́. Mi ò jiyàn, mo ṣí ìwé sí ojú ewé rẹ̀, mo gbé e síwájú wọn. Ọ̀rọ̀ tán níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n bi yín o. Fíìmù 2006 yẹn, ṣé téèpù tẹ́ ẹ fi yà á ṣì wà lọ́wọ́ yín?

Ọmọ Awakọ̀ Tíátà kọ pé:

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Èmi ò ṣe olóòtú rí, bàbá mi ló wakọ̀ fún ẹgbẹ́ tíátà kan láyé ìgbà tí wọ́n ń gbé sinimá láti ìlú dé ìlú. Wọn kì í fi fíìmù sílẹ̀ fún onílé ìwòran. Wọ́n á gbé e wá, wọ́n á fi ẹ̀rọ ara wọn hàn án, wọ́n á sì kó o padà sínú ọkọ̀ lóru yẹn. Bàbá mi ní àwọn agolo fíìmù yẹn lòun máa ń sùn tì, torí pé tí ẹyọ kan bá sọnù, oúnjẹ gbogbo ẹgbẹ́ ló sọnù.

Nígbà tí ẹgbẹ́ tú ká, agolo mẹ́rin kù sílé wa. Ọdún tó kọjá tí bàbá mi ṣaláìsí ni mo ṣí ọ̀kan. Òórùn tó jáde dà bí omidùn tó ti kan jù. Mo yára dé e padà. Mi ò mọ fíìmù tó jẹ́, kò sí nǹkan kan lára rẹ̀ ju lẹ́tà méjì tí wọ́n fi ọ̀dà kọ.

Alákásẹ́ẹ̀tì Mọ́kọ́lá kọ pé:

Ìyá Lòkéṣọ̀n, ẹ ṣeun. Téèpù náà wà. Mini DV, àwọn téèpù fídíò kéékèèké yẹn, méjìdínlógún, nínú àpótí aṣọ ìyàwó mi. Agbẹjọ́rò kan ti bá mi ka ìwé tí mo fọwọ́ sí, ó ní fíìmù tó parí ni mo tà. Ohun tí a yà tí kò sí nínú fíìmù ṣì jẹ́ tèmi, mo sì ti ń dà wọ́n sórí kọ̀ǹpútà.

Ọmọ Awakọ̀, jọ̀wọ́, fetí sílẹ̀ dáadáa. Òórùn kíkan yẹn, fíìmù náà ló ti ń jẹra. Má ṣí i mọ́, má sì gbé e sóòrùn. Gbé agolo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò nínú yàrá tó móoru, gbé èyí tó ń rùn jìnnà sáwọn tó kù, torí ó lè ran wọ́n. Ìjọba ní ibi tí wọ́n ń tọ́jú fíìmù sí ní Jos, àwọn tó mọ̀ ọ́n wà níbẹ̀. Àmọ́ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo lẹ́tà méjì yẹn. Ya àwòrán rẹ̀, kó o fi ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ yìí. Tó bá jẹ́ Ìbàdàn tàbí agbègbè rẹ̀ lo wà, mo lè dé ọ̀dọ̀ rẹ lọ́jọ́ Sátidé.