Òkú ìjàpá òkun l'Áràròmí: kí ni kí n máa kọ sílẹ̀?

Ọmọ Etí Òkun: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Níjẹta mo rí òkú ìjàpá òkun kan létí omi l'Áràròmí, lọ́dọ̀ wa ní Ìlàjẹ. Okùn àwọ̀n ṣì wé mọ́ apá rẹ̀ òsì. Ìkẹta nìyí lóṣù yìí. Mo ti ra ìwé tí mo fẹ́ máa kọ wọ́n sí, àmọ́ “ìjàpá kan, ó ti kú” nìkan ni mo mọ̀ ọ́n kọ. Ọ̀rẹ́ mi apẹja tiẹ̀ ní ẹyọ kan náà ni òkun ń gbé lọ tó ń gbé bọ̀. Báwo ni n óò ṣe mọ̀?

Ìyá Téèpù: Ọmọ mi, aránṣọ ni mí, téèpù ni mo fi ń wọ̀n wọ́n (tiwọn wà lọ́tọ̀, kí oníbàárà mi má bẹ̀rù). Wọ̀n ọ́n láti ìdí ọrùn dé ìparí ìkarahun, kí téèpù gba orí ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Kọ ọjọ́, aago àti ibi tí fóònù bá sọ pé o wà. Ya fọ́tò rẹ̀ látòkè, ya orí rẹ̀ náà. Ka àwọn ègé tó tò sí ẹ̀gbẹ́ kan ìkarahun, yàtọ̀ sí ti àárín àti àwọn kéékèèké tó yí etí rẹ̀ ká. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, irú ìjàpá òkun tí wọ́n ń pè ní olive ridley ni. Mẹ́rin lè jẹ́ green turtle. Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí awọ, leatherback nìyẹn. Ṣé ó ṣì tutù ni, àbí ó ti wú, àbí egungun ló kù? Kọ ọ́. Má kọ “àwọ̀n ló pa á” o! Kọ “àwọ̀n wà lápá rẹ̀”. O ò sí níbẹ̀ nígbà tó kú.

Ti ọ̀rẹ́ rẹ: fi ọ̀dà fa ilà sórí ìkarahun náà.

Bọ̀dá Lẹ́kkí: Ẹ̀yin rí òkú odindi! Àbùùbùtán gúnlẹ̀ lọ́dọ̀ wa nígbà kan. Orúkọ rẹ̀ ní a kì í bù ú tán, àmọ́ kó tó di ìrọ̀lẹ́, eegun ẹ̀yìn ló kù. Àdá pọ̀ ju fóònù lọ.

Ọmọ Etí Òkun: Ẹ ṣé mà. Ọjọ́ tí mo bá rìn tí n kò rí nǹkan kan ńkọ́?

Ìyá Téèpù: Kọ ọ́! Kọ ibi tí o rìn dé, kọ “òfo”. Bí òkú nìkan bá kún ìwé rẹ, ta ni yóò mọ̀ bóyá òkú ló pọ̀ sí i, àbí ìwọ lo rìn jù?

Ọmọ Etí Òkun: Mo lọ kùn ún lánàá. Láàárọ̀ yìí mo bá ọ̀dà mi níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ó jìnnà sí ibi tí mo fi í sí. Ọ̀rẹ́ mi ò parọ́. Ìjàpá tuntun: òfo.