Ṣé kí n fi RAM kún kọ̀ǹpútà àtijọ́ yìí?

Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ṣọ́ọ̀bù táípù ni mo ní ní Under G, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, desktop mi ti pẹ́, RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) DDR3 2GB péré ló wà nínú ẹ̀. Tí mo bá ti ṣí Word àti Chrome pọ̀ báyìí, iná iwájú ẹ̀ á máa ṣẹ́jú ṣáá, gbogbo ẹ̀ á gan, oníbàárà á wá máa wò mí lójú. Mo ti gbọn eruku ẹ̀, mo ti pa fáìlì rẹpẹtẹ rẹ́, pàbó. Ẹni tó ń bá mi tún un ṣe ní kí n ra 8GB, àmọ́ Windows ẹ̀ 32-bit ni, ìyẹn ò sì lè lò ju 4GB lọ. Ṣé kí n ra RAM kí n sì yí Windows padà, àbí kí n kọ́kọ́ fi SSD (ibi ìpamọ́ fáìlì tó yára ju hard disk lọ) rọ́pò hard disk ẹ̀? Ẹ má bínú pé ó gùn, ẹ ṣé gan o.