Kí ló ṣẹ́ kù nínú kùsà tánganran òkè Jọ́ọ̀sì?

ỌmọAjílété béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ló ní bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà tó ṣòwò ní Jọ́ọ̀sì, ohun tí a sì máa ń gbọ́ lẹ́nu wọn ni pé kùsà, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń wa tánganran (tí òyìnbó ń pè ní tin), ló sọ ibẹ̀ di ìlú ńlá. Nínú àwòrán tí wọ́n yà láti òfuurufú, mo rí àwọn adágún omi tó lọ súà láti Bukuru títí dé Barkin Ladi, wọ́n sì ní ọwọ́ ènìyàn ló gbẹ́ wọn. Ta ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, kí ló dé tó fi dẹnu kọlẹ̀, kí sì ni ẹni tó bá lọ síbẹ̀ lónìí lè fojú rí? Mo fẹ́ kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ wò ó, n kò sì fẹ́ kí a dé ibẹ̀ tán kí a máa wo koríko lásán.

BàbáRayfield dáhùn:

Àwọn òyìnbó kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kí wọ́n tó gun òkè náà rárá ni àwọn alágbẹ̀dẹ ìlú Liruei ti ń fọ tánganran láti inú odò, tí wọ́n ń yọ́ ọ nínú iná ìléru, tí wọ́n sì ń dà á sí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ bíi pòròpórò, tí àwọn oníṣòwò wá ń gbé kiri ọjà ilẹ̀ Hausa. Irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ tó bọ́ sọ́wọ́ Royal Niger Company, ilé-iṣẹ́ oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì, ló mú kí wọ́n máa wá orísun rẹ̀, títí àwọn tí wọ́n rán fi dé Naraguta nítòsí Jọ́ọ̀sì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún.

Ọ̀rọ̀ owó rẹ̀ ló máa ń bí mi nínú jù. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba àṣẹ ìṣàkóso kúrò lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ yìí ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900, wọ́n fún un ní £865,000 gẹ́gẹ́ bí owó ìtánràn, wọ́n sì tún ṣe àdéhùn pé fún 99 ọdún, ìdajì ìṣákọ́lẹ̀ gbogbo ohun tí wọ́n bá wú jáde nínú ilẹ̀ ní apá tó pọ̀ jù lọ ní Àríwá yóò máa jẹ́ tirẹ̀. Lever Brothers ra ilé-iṣẹ́ náà ní 1920, ẹ̀tọ́ yìí sì bá a lọ. Àwọn Berom onílẹ̀, tí wọ́n gbẹ́ oko wọn ńkọ́? Owó irè oko àti igi eléso ni wọ́n ń san fún wọn, wọn kì í san owó ilẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, orí ni àwọn aláàárù fi ń ru tánganran sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Loko létí odò Benue. Ní 1914 ni rélùwéè kékeré láti Zaria dé Bukuru. Ní 1927 ni ojú irin ńlá láti Port Harcourt wọ Jọ́ọ̀sì. Ọ̀nà rélùwéè ni àwọn èèyàn wa gbà gbé aṣọ àti àtẹ wọn dé ibẹ̀.

Ẹ má sì gbàgbé ogun. Nígbà tí Japan gba Malaya ní ìbẹ̀rẹ̀ 1942, tánganran ibẹ̀ bọ́ mọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, ìjọba amúnisìn sì bẹ̀rẹ̀ sí í fipá kó àwọn ọkùnrin láti gbogbo Àríwá wá sí kùsà. Títí di 1944, iye wọn lé ní 100,000. Àgbẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn, wọn kò di dígà mú rí, òtútù òkè náà kò sì bá wọn lára mu. Àìsàn pa ọ̀pọ̀ nínú wọn, síbẹ̀ tánganran tí wọ́n rí kó jáde kò pọ̀ tó bí ìjọba ṣe rò.

Onímáàpù dáhùn:

Mo kí bàbá. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ilẹ̀ kún un, nítorí òun ló ṣàlàyé àwọn adágún náà.

Inú akọ òkúta tó ti tó nǹkan bí mílíọ̀nù 160 ọdún ni tánganran ti jáde. Òjò àti odò fọ́ òkúta náà díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì gbá iyanrìn rẹ̀ lọ sínú àfonífojì. Nítorí pé hóró tánganran wúwo ju iyanrìn lásán lọ tó ìlọ́po méjì àbọ̀, ìsàlẹ̀ ojú odò ló máa ń rọ̀ sí. Nígbà tó yá, àwọn òkè ayọnáyèéfín tu òkúta yíyọ́ bo díẹ̀ nínú àwọn ojú odò náà mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó o ní láti ṣí gbogbo ilẹ̀ orí rẹ̀ kúrò, kò dà bí ibi tí wọ́n ti ń lu ihò wọ inú òkè. Dígà, ṣọ́bìrì àti páànù ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe é. Lẹ́yìn náà ni ọ̀pá omi alágbára tó ń fọ́ ẹrẹ̀ dé, àti dragline, ẹ̀rọ arìnfẹsẹ̀ tí apá rẹ̀ gùn tí ń fi garawa irin ńlá wú ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá kó tán, òjò yóò kún ihò náà. Adágún tí ẹ rí nìyẹn, iye wọn sì lé ní 1,000.

Ohun kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í sábà mẹ́nu bà: kólúmbáìtì, òkúta dúdú mìíràn tó máa ń wà pẹ̀lú tánganran. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń dà á nù pẹ̀lú iyanrìn ìdọ̀tí, àfi ìgbà tí wọ́n rí i pé ó wúlò fún irin tó ń fara da iná nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú. Ní àwọn ọdún 1950, tí Amẹ́ríkà ń fi ẹ̀bùn owó lé iye tó ń rà á, Nàìjíríà ni púpọ̀ jù lọ nínú ti gbogbo ayé ti ń wá, àwọn ilé-iṣẹ́ sì padà lọ ń tú òkìtì tí wọ́n ti dà nù.

Ní ti ìdí tó fi wó, tánganran tó wà nítòsí ti ń tán, epo rọ̀bì sì gba ojú ìjọba. Nígbà tí ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń gbé owó tánganran ró wá wó ní oṣù kẹwàá 1985, owó rẹ̀ já lulẹ̀ pátápátá.

ÌyáBùkúrù dáhùn:

Olùkọ́, ẹ kò ní wo koríko lásán. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìkó-nǹkan-ìṣẹ̀ǹbáyé sí ní Jọ́ọ̀sì, tí wọ́n ṣí ní 1952, nítorí kùsà ló bí i. Àwọn tó ń wa tánganran ló ń hú àwọn ère amọ̀ àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Nok jáde. Orí kan wà tí akọ̀wé kùsà kan nítòsí Jemaa gbé lọ sí oko iṣu rẹ̀ láti fi dẹ́rù ba ẹyẹ, kó tó dé ọwọ́ Bernard Fagg, òyìnbó tó ń ṣèwádìí nǹkan ìṣẹ̀ǹbáyé, ní 1943. Ọkọ̀ rélùwéè kékeré ìjọ́sí náà wà nínú ọgbà yẹn.

Ẹ wá lọ sí Kurra, níbi tí omi ti ń já láti orí òkè. Nítorí kùsà ni NESCO, ilé-iṣẹ́ iná mọ̀nàmọ́ná, ṣe kọ́ ilé iná mọ̀nàmọ́ná níbẹ̀. Kùsà ti kú, iná ṣì ń tàn.

Ní ti adágún, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ wá. Ẹ ó rí ẹ́ńjìnnì kékeré létí omi, rọ́bà rẹ̀ yóò gba ẹ̀gbẹ́ òkìtì wọ oko ànàmọ́ òyìnbó, kábééjì àti tòmátò, tí a ń kó lọ títí dé Èkó. Ẹ ó tún rí àwọn obìnrin tó ń mi igbá nínú omi ẹlẹ́rẹ̀, tí iyanrìn funfun ń ṣàn dànù, tí dúdú tó ní tánganran ń kù sídìí igbá. Wọ́n ṣì ń rí i tà.

ỌmọAjílété:

Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀yin àgbà. Ǹjẹ́ àwọn ọmọ lè bu iyanrìn dúdú yẹn díẹ̀ wá sílé fún àfihàn?

Onímáàpù:

Rárá o. Hóró òkúta tí wọ́n ń pè ní mónásáìtì àti sákọ́ọ̀nù wà nínú rẹ̀, àwọn méjèèjì sì ní ìtànṣán olóró tó ju ti ilẹ̀ lásán lọ. Àwọn kan ti fi irú iyanrìn bẹ́ẹ̀ mọ ilé gbé, èyí tí kò dára rárá. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ etí adágún, nítorí ó gún régé bí ògiri ni, ilẹ̀ rẹ̀ a sì máa ya lójijì.