Re: «Ìgbésẹ̀ ìṣẹ̀dá ẹ̀rọ»: kí ni ẹ̀rọ ń wá nínú agbọ̀n?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo kí gbogbo ilé.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ́ àwọn olùkọ́ ní Ìbàdàn ló gbé ọ̀rọ̀ yìí wá. Wọ́n ń kọ ìwé pélébé kan fún ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀, lórí bí ọmọdé ṣe lè rí ìṣòro, kí ó ro ohun tó máa yanjú rẹ̀, kí ó ṣe é, kí ó dán an wò, kí ó sì mú un dára sí i. Wọ́n pe gbogbo rẹ̀ ní «ìgbésẹ̀ ìṣẹ̀dá ẹ̀rọ», ìyẹn ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní engineering design process. Mo rí i pé ọ̀pọ̀ yín ti pàtẹ́wọ́. Èmi ò pàtẹ́wọ́.

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé wo lẹ wò, ẹ̀gbọ́n?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú «ẹ̀rọ». Inú «rọ» ló ti wá, ìyẹn ò níjà nínú. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni mí, mo ti ń fi ẹwìrì fẹ́ná kí n tó mọ a-b-d, mo sì mọ ohun tí à ń rọ àti ohun tí a kì í rọ. À ń rọ ọkọ́, à ń rọ àdá. A kì í rọ agbọ̀n, híhun là ń hun ún. A kì í rọ ìkòkò, mímọ là ń mọ ọ́n. Gbígbẹ́ là ń gbẹ́ odó, kíkàn là ń kan àga. Èdè tó fún ọwọ́ oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, òun lẹ fẹ́ kó gbogbo ẹ̀ sínú àgbẹ̀dẹ yìí?

Ẹ ní ẹ̀rọ ti kúrò lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ tipẹ́. Mo gbà. Ibo ló wá lọ? Ẹ ka orúkọ tí à ń pe nǹkan: ẹ̀rọ amúnáwá, ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, ẹ̀rọ ìlọta, ẹ̀rọ ìránṣọ. Ohun tó ń yí, ohun tó ń dún, ohun tí à ń tẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́. Ẹnì kan fi «omi ẹ̀rọ» dá mi lóhùn lọ́jọ́sí, ó ní kò sí ohun tó ń yí nínú páìpù. Ọ̀rẹ́ mi, omi tí ẹ̀rọ fà wá ni omi ẹ̀rọ. Ẹ pe omi kànga ní omi ẹ̀rọ níwájú ìyá yín, kẹ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe máa wò yín.

Ohun tó jẹ́ kí n máa lu ojú kan nìyí. Ní Boston ní Amẹ́ríkà, Museum of Science, ilé ìṣàfihàn ohun sáyẹ́ǹsì, ní ètò kan tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2003, Engineering is Elementary, tó wà fún ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ gan-an. Lọ́dọ̀ wọn ni ẹ̀gbọ́n ti mú ìgbésẹ̀ márùn-ún tó wà nínú ìwé wọn: béèrè, fojú inú wò ó, ṣètò, ṣe é, àtúnṣe. Ohun tí àwọn ará Boston rí ni pé bí wọ́n bá kó àwòrán síwájú ọmọdé, tí wọ́n ní kó mú èyí tó jẹ́ tẹkinọ́lọ́jì, ohun tó ń lo iná mànàmáná ni ọ̀pọ̀ ń mú. Bàtà kọ́, ife kọ́, afárá kọ́. Ni wọ́n bá dá iṣẹ́ kan sílẹ̀: wọ́n á fi nǹkan ojoojúmọ́ sínú àpò bébà, ọmọ á fọwọ́ fà á yọ, wọ́n á wá bi í pé, ìṣòro wo lèyí ń yanjú? Kí ni wọ́n fi ṣe é? Gbogbo wàhálà yẹn, kí ọmọ lè mọ̀ pé tẹkinọ́lọ́jì ni ife náà ni. Àwọn tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́mọ nìyẹn o, tí kò sí mọ́tò tàbí jẹnẹrétọ̀ nínú ọ̀rọ̀ «technology» tí wọ́n lò. Àwa wá fọwọ́ ara wa ki ẹ̀rọ bọ inú orúkọ! Ọmọ tó bá hun agbọ̀n tó gba ẹyin láìfọ́, tó gbé e wá sórí tábìlì, kí ni olùkọ́ máa sọ? «Ẹ̀rọ rẹ dára»?

Ó ku «ìṣẹ̀dá». Èmi ò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni ja ìjà ẹ̀sìn níbí, ṣùgbọ́n Ẹlẹ́dàá ló ń ṣẹ̀dá. Kó sí nǹkan kan nílẹ̀, kó wá sí: ìyẹn ni ìṣẹ̀dá létí mi. Iṣẹ́ tí à ń sọ yìí kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tó ti wà nílẹ̀ ni ọmọdé ń tò pọ̀, tó ń tú, tó ń tún tò.

Mo wà níbi tí àwọn ọmọ ìpele kẹrin ti ń ṣe asẹ́ omi. Wọ́n gé ìdí ike omi, wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n fi òwú dí ọrùn rẹ̀, wọ́n da èédú lé e, wọ́n wá bu omi ẹrẹ̀ sí i. Omi tó kán sínú ife dúdú ju èyí tí wọ́n dà sí i lọ. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin kan tẹjú mọ́ ife, ó ní, «Èédú yẹn ló ń ṣàn wá. Ẹ jẹ́ ká dọ́gbọ́n sí i.» Wọ́n kó èédú jáde, wọ́n ṣàn án títí omi rẹ̀ fi mọ́, wọ́n wá fi yanrìn tẹ́ abẹ́ rẹ̀ kó tó padà sínú ike. Èyí tó kán lẹ́yìn náà ṣì pọ́n díẹ̀, kì í ṣe mímu, ṣùgbọ́n ẹ lè rí ìka yín ní òdì kejì ife.

Ẹ gbọ́ ohun tọ́mọ yẹn sọ? Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Dá ọgbọ́n. Dọ́gbọ́n sí i. Bí okùn bàtà bá já, bí òrùlé bá ń jò, bí ilẹ̀kùn ò bá ṣe é tì, ohun tí gbogbo ilé Yorùbá ń sọ nìyẹn. Ìṣòro wà nínú rẹ̀, èrò wà nínú rẹ̀, ọwọ́ wà nínú rẹ̀. «Sí i» yẹn gan-an ló dùn mọ́ mi jù, nítorí ó ń sọ pé nǹkan kan wà níwájú wa tí à ń dá ọgbọ́n náà sí. Ẹ pè é ní «ọgbọ́n dídá», kẹ́ ẹ pe ìpele rẹ̀ ní «ìgbésẹ̀ ọgbọ́n dídá», kí agbọ̀n, ìkòkò, afárá àti kọ̀ǹpútà lè jọ jókòó síbẹ̀ láìbínú síra wọn.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa ní dídọ́gbọ́n ni olè náà ń dọ́gbọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ olè ń fi òbítíbitì ìmọ̀ ẹ̀rọ jalè lórí fóònù báyìí, ẹ ò sì torí ìyẹn sọ ìmọ̀ ẹ̀rọ nù.

Ẹni tó kọ̀wé pé bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá, onímọ̀ ẹ̀kọ́ nì, bá wà láyé wọn á fọwọ́ sí «ìṣẹ̀dá ẹ̀rọ», ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ̀rọ̀ sí òkú lẹ́nu. Láti 2010 ni bàbá ti lọ. Ohun tí wọ́n ṣe la mọ̀: ní 1970, àwọn àti ẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́mọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́, ọdún mẹ́fà gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì fi di ọ̀kan ṣoṣo lára ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí irú rẹ̀ ní 2022, wọ́n tún ní àwọn ti fagi lé e ní 2025. Ìyẹn ò kàn wá níbí. Ọmọ á gbọ́ Yorùbá nílé, wọ́n fagi lé e o, wọn ò fagi lé e o.

Sí àbúrò wa ní London tó ní ká kúkú kọ «ẹnjiníárìn» ká sì máa lọ: n kò bá ọ̀rọ̀ àyálò jà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bámgbóṣé onímọ̀ èdè Yorùbá gan-an kọ «Fonọ́lọ́jì» àti «Gírámà» sára ẹ̀yìn ìwé wọn ní 1990, ayé ò sì tìtorí ẹ̀ bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ yunifásítì ló ń ka ìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni tiwa.

Ohun méjì kí n tó lọ sọ́jà. Ẹ̀gbọ́n, nínú ìgbésẹ̀ márùn-ún yẹn, «fojú inú wò ó» dára, mo kan sáárá sí yín. «Ṣètò» ò dára: ètò ni ìwé tí wọ́n ń pín níbi ìsìnkú. Ohun tí ọmọ ń ṣe níbẹ̀ ni pé ó ń ya àwòrán ohun tó fẹ́ ṣe, ó sì ń ka ohun èlò rẹ̀, nítorí náà «yà á sílẹ̀» ló yẹ. Ìgbésẹ̀ ìkẹyìn tí ẹ pè ní «àtúnṣe», ẹ yọ ọ́ kíákíá. Ìíńkì pupa lọmọ ilé-ìwé mọ àtúnṣe sí. Bí olùkọ́ bá ní «lọ ṣe àtúnṣe», ọmọ mọ̀ pé òun ti gbà òdo.

Èkejì ni ti «ona ero» tí ẹnì kan kọ ránṣẹ́ láìfi àmì sí i. Ó ní «ọnà ẹ̀rọ» lòun ní lọ́kàn. Ẹni tó tẹ̀ lé e kà á sí «ọ̀nà èrò», ó yìn ín títí, ó ní ọ̀nà tí èrò ń gbà ni, ó jinlẹ̀. Àwọn méjèèjì wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ara wọn lórí ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Láti òní lọ, ẹni tí kò bá fi àmì sórí ọ̀rọ̀ tó dá, n kò ní dá a lóhùn, ìbáà jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n.