Pípín ìdílé Èkó àtijọ́ sí Sàró, Àgùdà àti ọmọ onílẹ̀: ṣé orúkọ tó?

Òǹkàwé_Èkó: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mò ń ṣa àkọsílẹ̀ nípa ìgbé ayé ará Erékùṣù Èkó jọ, láti 1861 tí Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó gbé Èkó fún òyìnbó, títí dé 1914. Mo fẹ́ pín àwọn ìdílé sí Sàró (àwọn tó padà wá láti Sierra Leone, tí a tún ń pè ní ilẹ̀ Sàró), Àgùdà (àwọn tó padà wá láti Brazil àti Cuba) àti ọmọ onílẹ̀ (àwọn tí ìdílé wọn ti wà ní Èkó tẹ́lẹ̀). Ṣé orúkọ ìdílé tó fi pín wọn? Àwọn kan wà nínú ìwé 1885 tí mi ò gbúròó wọn mọ́ nínú ti 1895, kò sì sí àkọsílẹ̀ ikú wọn.

Ọmọ_Pópó: Kò tó rárá. Wọ́n lè má tíì kú, kó jẹ́ pé orúkọ ni wọ́n pààrọ̀. Nígbà tí ìjọba àti ìjọ míṣọ́nnárì bẹ̀rẹ̀ sí í fi òyìnbó sí ipò tó tọ́ sí aláwọ̀ dúdú tó kàwé, àwọn Sàró kan bọ́ orúkọ òyìnbó sílẹ̀. David Brown Vincent, oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi, di Mọ́jọlá Agbébí ní 1894. Ẹ má sì fi orúkọ tuntun mọ èrò ọkàn èèyàn: Edmund Macaulay ló di Kítóyì Àjàsá, síbẹ̀ ọ̀rẹ́ ìjọba òyìnbó ni.

Ẹ kọ àdúgbò, iṣẹ́, ìjọ tàbí mọ́sálásí, orúkọ ìyàwó àti ti ọmọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Bí mẹ́ta nínú wọn bá bára mu, ẹ so orúkọ méjèèjì pọ̀, àfi bí ẹ̀rí mìíràn bá tako ó.

Orúkọ tún ń ṣini lọ́nà báyìí: ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tó lọ iléèwé míṣọ́nnárì gba orúkọ òyìnbó níbi ìrìbọmi. Ẹrú àtijọ́ àti ọmọ tí wọ́n gbà tọ́ náà máa ń jẹ́ orúkọ baálé ilé. Gbogbo wọn ni ìwé á pè ní Johnson.

Ìwé_Ẹjọ́: Mo fara mọ́ ọn. Ẹ wo irú ìgbéyàwó tí wọ́n ṣe pẹ̀lú, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀ràn ti le jù. Òfin ìgbéyàwó 1884 sọ pé ẹni tó bá ṣe é lábẹ́ òfin náà kò gbọdọ̀ fẹ́ ẹlòmíràn lé e, ogún rẹ̀ sì kúrò lábẹ́ àṣà ẹbí. Ní 1898, nínú ẹjọ́ Cole àti Cole, àbúrò olóògbé fẹ́ kí wọ́n pín ogún bí àṣà ìbílẹ̀ ṣe wí. Ilé ẹjọ́ tẹ̀ lé òfin Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gbè sẹ́yìn ìyàwó alárédè àti ọmọ rẹ̀.

Ohun tó ń tan olùwádìí jẹ ni pé ìwé ìròyìn ń ròyìn ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì nìkan, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin púpọ̀ ní ilé kejì. Inú ìwé ìhágún àti ẹjọ́ ogún lẹ ti máa rí àwọn ọmọ ibẹ̀, kì í ṣe inú ìwé ìrìbọmi. Bákan náà ni ìwé ilẹ̀ tí ìjọba ń fún èèyàn láti 1863: orúkọ ẹnì kan ló wà lórí rẹ̀, ilẹ̀ náà sì lè jẹ́ ti ẹbí látòkèdélẹ̀.

Òǹkàwé_Èkó: Ẹ ṣé gan-an. Àdúgbò àti ilé ńkọ́?

Ọmọ_Pópó: Àdúgbò wúlò fún ìgbà àkọ́kọ́. Olówógbówó ni Sàró pọ̀ sí; Pópó Àgùdà, ní agbègbè Campos, Bámgbóṣé àti Igbóṣeré, ni Àgùdà wà; Ìsàlẹ̀ Èkó, yí Ìgá Ìdúngànrán, ààfin Ọba Èkó, ká, sì ni ọmọ onílẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣí afárá Carter ní 1901, ẹ má gbára lé àdúgbò tó bẹ́ẹ̀, torí ó ti rọrùn láti kó kúrò ní erékùṣù.

Ilé tó rí bí ti Àgùdà kì í ṣe ẹ̀rí pé Àgùdà ló ni ín. Ẹni tó lówó ló ń gbéṣẹ́ fún bíríkìlà Àgùdà. Ẹ wo mọ́sálásí Shitta Bey tí wọ́n ṣí ní 1894: Mùsùlùmí tí wọ́n bí ní Sàró ló ni owó, João Baptista da Costa, Àgùdà, ló kọ́ ọ.

Ẹ ṣọ́ra fún Èbúté Mẹ́ta náà. Rògbòdìyàn 1867, tí wọ́n ń pè ní Ìfọ́lé, lé àwọn Kristẹni kúrò ní Abẹ́òkúta, ibẹ̀ sì ni Gómìnà Glover fi wọ́n sí. Nítorí náà, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì tó ń jẹ́ orúkọ òyìnbó ní Èbúté Mẹ́ta ní 1870 lè jẹ́ Ẹ̀gbá tí kò tẹ ilẹ̀ Sàró rí.