Ọjọ́ tí ìtàn ìbí Jésù di tèmi: ẹ wá sọ tiyín

Ìyá Agbẹ̀bí

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará. Inú ilé onígbàgbọ́ ni wọ́n bí mi sí. Kí n tó mọ̀wé kà ni mo ti mọ Lúùkù orí 2 lórí, títí dé ibi tí àwọn olùṣọ́-àgùntàn ti padà sídìí ẹran wọn. Mo ti ṣe Màríà nínú eré ọmọdé, mo ti ṣe áńgẹ́lì. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, ìtàn náà kò kàn mí. Ó dùn létí, ó parí síbẹ̀.

Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mò ń ṣe, ọdún 22 rèé. Lóru ọjọ́ kan, nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí Kérésìmesì pé, ọmọdébìnrin kan wọlé wá bá wa. Òun nìkan. Ìrọbí ti mú un, kò sí ẹni tó tẹ̀ lé e, kò sì mú nǹkan kan dání àyàfi aṣọ kan tó ti gbó. Mo bi í pé ta ni ká ránṣẹ́ pè, ó mi orí. Mo tún bi í. Ó ní, "Ẹ má bínú mà, kò sí." Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, ojú ń tì mí láti kọ ọ́, ni pé irú àwọn wọ̀nyí ló máa ń kó wàhálà báni. Mo tiẹ̀ sọ ọ́ jáde fún ẹni tá a jọ wà lẹ́nu iṣẹ́, mi ò rẹ ohùn sílẹ̀. Ọmọ náà gbọ́.

Ó bí nígbà tó ku díẹ̀ kílẹ̀ mọ́. Ọkùnrin ni. Mo gé ìwọ́, mo nu ọmọ, mo gbé e lé ìyá rẹ̀ láyà, mo yíjú láti wá ohun tí màá fi wé e. Ìgbà tí mo máa wẹ̀yìn, ó ti ya etí aṣọ rẹ̀, ó sì ń wé ọmọ. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀, ó gba ìdí, ó ká a mọ́ apá méjèèjì, ó wá fi ṣóńṣó aṣọ há abẹ́ àgbọ̀n ọmọ. Ọmọ tó ń han gooro dákẹ́. Àwa tá a wà nídìí iṣẹ́ yìí mọ ohun tó fà á: ọmọ tuntun tí apá rẹ̀ wà nítùú máa ń ta gìrì, àmọ́ tí wọ́n bá ti wé e típẹ́típẹ́, á dà bíi pé inú ìyá rẹ̀ ló ṣì wà.

"Ó sì fi ọ̀já wé e." Níbi tí mo dúró sí ni ẹsẹ 7 ti bá mi. Ẹ lọ wo ẹsẹ náà dáadáa. Kò sí agbẹ̀bí níbẹ̀. Lúùkù kò dárúkọ ìyá Màríà, kò dárúkọ aládùúgbò kankan. Màríà ló bí i, òun náà ló wé e, òun náà ló tẹ́ ẹ sí ibùjẹ ẹran. Obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀, tó ti ti Násárẹ́tì dé Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, ọ̀nà tó ju kìlómítà 100 lọ, nítorí pé Késárì Ọ̀gọ́sítù ní kí wọ́n ka orí èèyàn! Láti kékeré ni mo ti ń ka ẹsẹ yẹn, èmi agbẹ̀bí, mi ò sì rí i pé ibi tó yẹ kí n wà ló ṣófo.

Ká ní ọ̀dọ̀ mi ni Màríà wọlé sí lóru yẹn, ohun kan náà ni ǹ bá sọ nípa rẹ̀. Kí ló fẹ́ jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n yàtọ̀? Ẹyẹ méjì ni wọ́n mú lọ sí tẹ́ńpìlì fún ìwẹ̀nùmọ́ rẹ̀, ẹbọ tí Léfítíkù 12 yọ̀ǹda fún ẹni tí apá rẹ̀ kò ká àgùntàn.

Mo kúnlẹ̀. Kì í ṣe àdúrà ni mo kọ́kọ́ gbà. Mo bẹ ọmọdébìnrin náà pé kó dárí ohun tó gbọ́ lẹ́nu mi jì mí. Ó wò mí, ó ní, "Ẹ bá mi gbé e díẹ̀ mà, ó rẹ̀ mí." Ó gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́. Àwọn ọmọ tí mo ti gbà lọ́wọ́ kò lóǹkà, tiẹ̀ nìkan ni mo sunkún lé lórí. Ibẹ̀ ni mo ti sọ fún Jésù pé mo gbà á, kì í ṣe ti àwọn òbí mi mọ́.

Bàbá Ọmọ Mẹ́ta

Ẹ kú iṣẹ́ mà, Olúwa á máa fún yín lókun.

Ìyàwó mi ti bí ọmọkùnrin kan kí n tó fẹ́ ẹ. Mò ń bọ́ ọmọ náà, mò ń sanwó ilé ìwé rẹ̀, mi ò fìyà jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù yòówù tí wọ́n bá fún wa, ibi tí wọ́n ti ní ká kọ orúkọ bàbá, mo máa ń fò ó ni. Ọdún márùn-ún ni mo fi ń fò ó. Ìyàwó mi kò sọ nǹkan kan. Ọmọ náà ni mo bá lọ́jọ́ kan tó ń fi ìka tọ àyè tó ṣófo yẹn, síwá sẹ́yìn.

Lọ́dún yẹn, èmi ni wọ́n ní kí n ka Mátíù orí 1 nínú ìsìn. Mò ń fi àwọn orúkọ yẹn kọ́nu nílé, kí n má bàa kọsẹ̀. Ábúráhámù bí Ísáákì, Ísáákì bí Jákọ́bù, bí, bí, bí, títí ó fi kan Jósẹ́fù. Mátíù kò sọ pé Jósẹ́fù bí. Ọkọ Màríà ló pè é. Síbẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni ìran Dáfídì tí wọ́n ń kà bọ̀ látòkè gbà dé ọ̀dọ̀ Jésù. Báwo? Ẹsẹ 25 ni mo ti rí i: ó pe orúkọ rẹ̀ ní Jésù. Áńgẹ́lì ló ní kó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nínú Ìhìn Rere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ ò lè rí gbólóhùn kan tí ọkùnrin yìí sọ. Ó jí, ó dìde, ó ṣe é.

Ohùn mi há nígbà tí mò ń kà á níwájú ìjọ. Nígbà tí ilé ìwé wọlé padà, mo gba fọ́ọ̀mù ọmọ náà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, mo kọ orúkọ mi síbẹ̀ gàdàgbà. Ọmọ náà kà á. Ó tún un kà.

Ọ̀kan Nínú Yín

Mi ò fẹ́ dá sí i tẹ́lẹ̀. Ọmọ mi kú lẹ́ni oṣù méjì. Láti ìgbà náà, tí wọ́n bá ti fẹ́ gbé ère ọmọ jòjòló sórí koríko nínú ìsìn Kérésìmesì, ńṣe ni mo máa ń jáde. "A bí ọmọ kan fún wa" máa ń gún mi lọ́kàn ni.

Ẹnì kan tó mọ̀ kò bá mi jiyàn. Ó kàn ní kí n máa ka Mátíù lọ, kí n má dúró síbi àwọn amòye. Mo kà á dé ibi tí Hẹ́rọ́dù ti pa àwọn ọmọ Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, láti ọmọ ọdún méjì wálẹ̀. Rákẹ́lì ń sunkún àwọn ọmọ rẹ̀, "kò gbìpẹ̀, nítorí tí wọn kò sí." Kò gbìpẹ̀! Gbogbo èèyàn ló ti ṣìpẹ̀ fún mi, tí inú wọn ò dùn pé mi ò gbà. Àárín ìtàn ìbí Jésù gan-an ni ìyá kan ti kọ ìpẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bá a wí.

Mi ò tíì lè bá wọn kọrin. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá, nígbà tí wọ́n gbé ère ọmọ náà jáde, ẹ̀yìn pátápátá ni mo jókòó sí. Mi ò dìde títí wọ́n fi ṣe é tán.

Ìyá Agbẹ̀bí

Ọmọ mi, mo ti ka tìrẹ lẹ́ẹ̀mẹta láti àárọ̀. Kí lo sọ ọmọ náà? Tí kò bá nira fún ọ, kọ orúkọ rẹ̀ síbí fún wa.