Ẹ jọ̀wọ́, ìjálá ni mo lè fi ki Toussaint Louverture ni, àbí rárà?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ọ̀rẹ́. Ìlú Miami ni mo ń gbé, nítòsí àdúgbò Little Haiti, níbi tí ère Toussaint Louverture, ẹni tó ṣáájú àwọn ẹrú Haiti nínú ìjà òmìnira wọn, dúró sí. Àwọn ará Haiti tí a jọ jẹ́ aládùúgbò ń múra eré orí ìtàgé kan tí ijó, ìlù àti àwòrán yóò wà nínú rẹ̀, láti fi bu ọlá fún akọni náà ní ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún, tí í ṣe àyájọ́ àsíá wọn, wọ́n sì ní kí n fi Yorùbá ki í.

Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Faransé mú un ní ọdún 1802, ó ní ìtì igi òmìnira nìkan ni wọ́n gé, pé yóò tún rú láti inú gbòǹgbò rẹ̀, nítorí pé gbòǹgbò náà pọ̀, ó sì jinlẹ̀. Inú àtìmọ́lé ní Fort de Joux, ní ilẹ̀ Faransé, ló kú sí ní oṣù Kẹrin ọdún 1803, kò fojú rí òmìnira Haiti tí Dessalines, ọ̀gágun rẹ̀, kéde ní ọjọ́ kìíní ọdún 1804. Ọ̀rọ̀ igi yìí ni mo fẹ́ kí kíkì náà dúró lé.

Ìjálá ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, torí pé Ògún wa ni àwọn ẹlẹ́sìn Vodou, ẹ̀sìn ìbílẹ̀ Haiti, ń pè ní Ogou. Ṣùgbọ́n ọmọ ìjọ Kátólíìkì ni Toussaint pe ara rẹ̀, n kò sì fẹ́ ṣe ohun tí kò yẹ òkú ọ̀run. Ṣé rárà ló tọ́? Báwo ni a sì ṣe ń ki ẹni tí a kò mọ oríkì orílẹ̀ rẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ohùn méjèèjì dáadáa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tọ́ mi sọ́nà.